Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì

   

Ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ti dàgbà ni mo gbé wá láàárọ̀ yìí. Mọ́tò tẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí lówùúrọ̀, tẹ́ ẹ yí i, tí kò dá yín lóhùn. Irú mọ́tò kan sì wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ju ti ìyókù lọ, òun ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù: mọ́tò tí wọ́n sọ inú rẹ̀ di ilé. Ẹ ti rí wọn. Àwọn òyìnbó máa ń wà wọ́n bọ̀ láti Yúróòpù, wọ́n á gba Mòrókò, wọ́n á gba Mauritania àti Senegal, títí wọ́n á fi wọ Ghana. Àwọn Yorùbá tiwa tó wà ní Ghana náà sì ń ṣe é. Wọ́n á ra Benz 207 tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe trotro, ìyẹn ọkọ̀ akérò, wọ́n á yọ àga inú rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ibùsùn sí i, wọ́n á gbé fíríìjì kékeré, fáànù àti iná sí i. Inú rẹ̀ ni wọ́n á máa sùn tí ọjà bá gbé wọn lọ sọ́nà jíjìn, tàbí tí wọ́n bá ń lọ sílé: láti Kumasi dé Accra, láti Accra dé Aflao, Lomé, Cotonou, Sẹ̀mẹ̀, títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ọ̀fà tàbí Èjìgbò.

Ní ọdún 1977 ni ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ọkọ̀ Benz 207 yẹn, wọ́n sì ń ṣe é títí di àárín àwọn ọdún 1990. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ló dàgbà níbẹ̀ o. Wáyà inú rẹ̀ dàgbà, ibi tí wáyà ti kan irin ti dípẹtà, ọwọ́ oríṣiríṣi rewáyà sì ti kọjá lára rẹ̀. Èyí já, èyí so. Èyí gé, èyí fi tépù wé e.

Nítorí náà, tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá kọ̀ tí kò dáhùn, kí la máa ń ṣe? A máa ń ní, “Bátìrì ti kú. Ẹ lọ ra òmíràn.” A ó ra òmíràn, mọ́tò á dáhùn, inú wa á dùn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀rọ̀ tún di bákan náà, a ó tún ra òmíràn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wá sọ o: bátìrì tó kú, nígbà púpọ̀, kì í ṣe òun ló dẹ́ṣẹ̀, òun ni wọ́n ṣẹ̀. Nǹkan kan ló pa á. Tẹ́ ẹ bá ra tuntun láìmọ ohun tó pa èyí tó kú, ẹ kàn gbé òmíràn fún apani ni. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kò bá dáhùn á tan iná iwájú, á rí i pé ó ń tàn, á ní, “Ṣé ẹ rí i, bátìrì ò ní wàhálà.” Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Gílóòbù iná iwájú kan kì í jẹ ju nǹkan bí ampere márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n sítátà tó fẹ́ yí ẹ́ńjìnnì dísù lè béèrè fún igba ampere tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ àwọn lọ́rì àtijọ́, ẹ rántí irin tí wọ́n máa ń kì bọ iwájú ẹ́ńjìnnì, tí ọkùnrin alágbára á wá fi gbogbo ara yí i kó tó jí. Iṣẹ́ ọkùnrin yẹn ni sítátà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 1912 ni ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi sítátà oníná, èyí tí Charles Kettering ṣe, sínú mọ́tò wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni bátìrì ti ń ru ẹrù ńlá yìí. Bátìrì tí agbára rẹ̀ ti tán lè tan iná kó tàn yòò, kó má sì lè yí ẹ́ńjìnnì ní ìlàjì.

Iná iwájú náà wúlò ṣá o, tẹ́ ẹ bá mọ bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó. Ẹ tan án, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró níwájú mọ́tò kó máa wò ó, kí ẹ̀yin wá yí kọ́kọ́rọ́. Nǹkan mẹ́ta ló lè ṣẹlẹ̀. Èkíní: iná kú pátápátá tàbí ó wálẹ̀ gidigidi, sítátà ò sì yí, tàbí ó ń dún ta-ta-ta-ta. Bátìrì ti gbẹ nìyẹn, tàbí orí rẹ̀ ò kan dáadáa. Èkejì: iná ò yí padà rárá, ó ń tàn bó ṣe wà, sítátà ò sì mira. Agbára ò dé ọ̀dọ̀ sítátà nìyẹn. Ẹ fi bátìrì sílẹ̀, ẹ wá a lọ sí ibi kọ́kọ́rọ́, wáyà kékeré tó ń pe sítátà, tàbí sítátà fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta: iná wálẹ̀ díẹ̀, sítátà ń yí, ẹ́ńjìnnì ń yí kíákíá bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò gbiná. Ẹ̀yin ará, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì rárá. Ọ̀rọ̀ epo ni, tàbí iná púlọ́ọ̀gì, tàbí tó bá jẹ́ dísù, ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná. Ẹ wo iye ènìyàn tó ti fi irú rẹ̀ ra bátìrì tuntun!

Lẹ́yìn ìyẹn, mítà ló kù. Mítà kékeré tí rewáyà fi ń wọn iná, owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lára owó bátìrì. Ó yẹ kó wà nínú gbogbo mọ́tò àgbà. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò ti wà ní pípa fún wákàtí mélòó kan, àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù. Ẹ fi ọwọ́ pupa mítà kan orí pósítíìfù, ẹ fi ọwọ́ dúdú kan orí nẹ́gátíìfù. Tó bá jẹ́ volt 12.6 lẹ rí, bátìrì kún. Volt 12.4, ó ku mẹ́ta nínú mẹ́rin. Volt 12.2, ó ku ìdajì. Volt 12, ó ku ìdá kan nínú mẹ́rin, ó sì ń kú lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bíi volt 10.5, ẹ mọ̀ pé ihò kan nínú bátìrì ti kú. Ihò mẹ́fà ló wà nínú bátìrì volt 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú volt méjì àti díẹ̀ wá. Bí ọ̀kan bá ti jáde, ìyókù ò lè gbé e. Irú bátìrì yìí gan-an ló yẹ ká pààrọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mítà ṣì wà lórí bátìrì, kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́. Bí sítátà bá ń yí, volt á wálẹ̀, kò sí wàhálà, àmọ́ kò yẹ kó wálẹ̀ kọjá 9.6. Tó bá jẹ́ 12.6 lẹ kọ́kọ́ rí, tó wá já wálẹ̀ dé méje tàbí mẹ́jọ bí sítátà ṣe fà á, bátìrì yẹn ń tan yín ni. Volt wà níbẹ̀, agbára ò sí. Tàbí kẹ̀, sítátà ti di, ó sì ń jẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Fítà tó mọṣẹ́ á mọ bó ṣe máa ya méjèèjì sọ́tọ̀: á gbé bátìrì mìíràn tó dáa sí i. Bí èyí náà bá já bẹ́ẹ̀, sítátà ni kó tú.

Ó kan ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni owó wa ń bá lọ. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo orí bátìrì, ibi tí kíláǹpù wáyà ti dì í mú. Ṣé ẹ rí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó wú síbẹ̀ bí ìyẹ̀fun? Ẹ fọwọ́ mú kíláǹpù, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti yí i. Tó bá yí, ó ti dẹ̀. Ẹ wá tẹ̀lé wáyà dúdú tó ń bọ̀ láti nẹ́gátíìfù. Á lọ kan irin ara mọ́tò níbì kan. Ẹ wo ibẹ̀ náà: ṣé ìpẹtà ti bo bóòtù rẹ̀? Ẹ wá wo wáyà tí kò ní rọ́bà lára, èyí tí wọ́n hun bí okùn pẹlẹbẹ, tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara mọ́tò. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àgbà, ìdajì rẹ̀ ti já, mọ́tò mìíràn ò sì ní in mọ́, torí pé ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì kẹ́yìn gbàgbé láti dá a padà. Tí táǹkì bá kún fómi dé ẹnu, tí páìpù rẹ̀ sì dí, ẹ kò ní rí omi bù. Bẹ́ẹ̀ ni bátìrì tó kún ṣe máa rí tí ọ̀nà tí agbára rẹ̀ ń gbà bá ti dípẹtà.

Mítà lè fi ibi tí ọ̀nà ti dí hàn wá. Ẹ fi ọwọ́ mítà kan sí orí nẹ́gátíìfù gan-an, kì í ṣe lára kíláǹpù o, ẹ fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́ tónítóní. Ẹ wá ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá fi ju ìdá kan nínú márùn-ún volt kan hàn, ìyẹn 0.2, agbára ń ṣòfò lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ ṣe bákan náà láti orí pósítíìfù dé ibi tí wáyà ńlá ti wọ sítátà: kò yẹ kó ju ìdajì volt lọ. Ibi tó bá ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tú u, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ títí á fi máa dán, ẹ dì í padà kó le, kẹ́ ẹ wá fi gíríìsì tàbí fasilíìnì pa á lójú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ orí bátìrì, ẹ po sódà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò pẹ̀lú omi, á pa áásìdì náà. Nẹ́gátíìfù lẹ máa kọ́kọ́ tú, òun náà lẹ máa dì kẹ́yìn. Ìdí ni pé tí sípánà yín bá ṣèèṣì kan ara mọ́tò nígbà tẹ́ ẹ ń tú pósítíìfù, tí nẹ́gátíìfù sì ṣì wà níbẹ̀, iná á ṣẹ́, ó lè jó yín lọ́wọ́, bátìrì sì lè bú gbàmù.

Ká wá gbà pé bátìrì dáa, orí rẹ̀ mọ́, mọ́tò sì dáhùn. Ṣé bátìrì ń rí nǹkan gbà padà? Alternator ni iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ tẹ iná díẹ̀ sí i, mítà lórí bátìrì yẹ kó fi nǹkan bíi volt 13.8 sí 14.4 hàn. Tó bá dúró sí 12 àti díẹ̀, alternator ò fún un ní nǹkan kan. Tó bá kọjá 15, ó ń fún un ní àfúnjù, omi inú bátìrì á máa hó, á sì máa gbẹ. Kẹ́ ẹ tó dá alternator lẹ́jọ́, ẹ wo bẹ́líìtì rẹ̀. Ẹ tún wo gílóòbù pupa kékeré tó máa ń tàn níwájú awakọ̀ tí a bá kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àgbà, inú gílóòbù yẹn ni agbára kékeré tó ń jí alternator ń gbà kọjá. Tí gílóòbù bá ti jó, alternator lè máa yí lásán kó má sì mú nǹkan kan wá. Gílóòbù tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan! Bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ti pààrọ̀ alternator àti bátìrì nítorí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ wa. Wọ́n máa ń tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní, “Tí kò bá kú, alternator dáa nìyẹn.” Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é mọ́ o. Bátìrì ló ń gba agbára tó bá fò sókè lójijì. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, agbára yẹn lè jó alternator láti inú, ó sì lè jó ohunkóhun tó bá ń lo iná nínú mọ́tò. Ohun tí mítà máa sọ fún yín láìpa nǹkan kan lára, ẹ má fi ewu wá a.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ áásìdì. Tí omi inú bátìrì bá fà, omi ló lọ, áásìdì ò lọ. Omi tí wọ́n ti sè tí wọ́n gba èéfín rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì, ni kẹ́ ẹ fi kún un títí á fi bo irin inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń da áásìdì tuntun sí bátìrì àgbà ń bá a sáré lọ síbi ikú ni.

Ká wá sọ̀rọ̀ olè. Mọ́tò wà ní pípa lóru, gbogbo ènìyàn ti sùn, àmọ́ nǹkan kan wà tí kò sùn, tó ń fa bátìrì: rédíò tí wọ́n so tààrà, iná inú kọ́bọ́ọ̀dù, aláàmù tí wọ́n ò so dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì tó gba 60 ampere fún wákàtí kan, tí olè bá ń fa ampere kan ṣoṣo nínú rẹ̀, á gbẹ pátápátá láàárín wákàtí 60. Ọjọ́ méjì àtààbọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá gbé mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kò ní dáhùn. Láti mú olè yìí, ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ tú wáyà nẹ́gátíìfù, ẹ yí mítà sí ìwọ̀n ampere, kẹ́ ẹ fi í sáàárín wáyà àti orí bátìrì. Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ o, mítà á jó. Tó bá ju ìdá kan nínú ogún ampere kan lọ, ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tẹ́ ẹ yọ tí mítà fi wálẹ̀, ojú ọ̀nà tiẹ̀ ni olè wà.

Nínú mọ́tò tó jẹ́ ilé, olè yìí kì í sá pamọ́. Fíríìjì kékeré oníbátìrì lè máa jẹ ampere mẹ́rin sí márùn-ún nígbàkigbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi fáànù kún un, ẹ fi iná kún un, ẹ fi fóònù gbogbo ẹbí tó ń gba iná kún un. Ẹ wá ronú ẹni tó dé Aflao ní ìrọ̀lẹ́, tí bọ́dà mú un dúró di àárọ̀, tó pa ẹ́ńjìnnì, tó sì ń lo gbogbo rẹ̀ mọ́jú. Nítorí èyí ni mọ́tò-ilé tí wọ́n ṣe dáadáa fi máa ń ní bátìrì méjì: ọ̀kan fún sítátà nìkan, ọ̀kan fún inú ilé. Rílè kan wà láàárín wọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, rílè á so méjèèjì pọ̀ kí alternator lè bọ́ wọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, rílè á yà wọ́n, kí ilé má bàa jẹ oúnjẹ sítátà.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé rílè á bàjẹ́, rewáyà á sì fi wáyà kan ṣoṣo so bátìrì méjèèjì pọ̀ tààrà. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ẹni bá tan fáànù lóru, bátìrì sítátà ló ń jẹ. Láti yẹ èyí wò: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ wọn bátìrì sítátà, ẹ tan gbogbo iná àti fáànù inú ilé fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún un wọ̀n. Tí bátìrì sítátà bá ń wálẹ̀, kò sí ìyàsọ́tọ̀ kankan láàárín wọn. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì wàyí, ẹ wọn bátìrì inú ilé. Kò yẹ kó wà ní 12 mọ́, ó yẹ kó gòkè kọjá 13. Tí kò bá gòkè, rílè ti kú, tàbí fíúsì rẹ̀ ti jó.

Bátìrì méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà o. Bátìrì sítátà, irin inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, kó lè tú agbára púpọ̀ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n mu òun gbẹ. Bátìrì inú ilé, irin tiẹ̀ nípọn, ó lè fara da kí wọ́n máa fa díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí dumsor, ìyẹn iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, le gan-an ní Ghana yìí, láàárín 2012 sí 2016, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé bátìrì mọ́tò so mọ́ inverter nínú ilé. Àwọn tó ṣe é rí i pé kò pẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo dísù. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bíi ti 207 nílò kí púlọ́ọ̀gì inú rẹ̀ gbóná kó tó lè gbiná láàárọ̀, kódà níbi tí òtútù ò ti pọ̀. Bí sítátà bá ń yí dáadáa tí kò gbiná, tí èéfín funfun sì ń jáde lẹ́yìn, ẹ wo àwọn púlọ́ọ̀gì yẹn àti rílè wọn. Ẹ tún wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ti wọ ọ̀nà epo. Tẹ́ ẹ bá ń yí sítátà láìdákẹ́, ìyẹn nìkan tó láti pa bátìrì tó dáa, kó sì jó sítátà mọ́ ọn. Ẹ má yí i ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi kẹ́ ẹ tó tún un yí.

Bí ẹ bá fẹ́ fi bátìrì mọ́tò mìíràn jí tiyín, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé volt 12 ni tẹni náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, volt 24 ni tiwọn, ó lè jó gbogbo nǹkan. Wáyà pupa: ẹ kọ́kọ́ fi kan pósítíìfù bátìrì tó kú, kẹ́ ẹ tó fi kan pósítíìfù èyí tó dáa. Wáyà dúdú: ẹ kọ́kọ́ fi kan nẹ́gátíìfù èyí tó dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀, ẹ má fi kan bátìrì tó kú. Irin ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó kú ni kẹ́ ẹ fi kàn, níbi tó jìnnà sí bátìrì. Gáàsì máa ń jáde lára bátìrì, iná kékeré tó bá ṣẹ́ nítòsí rẹ̀ lè mú kó bú gbàmù, kí áásìdì sì fọ́n sí ènìyàn lójú. Ẹ dáàbò bo ojú yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe pé ọwọ́ àwọn ènìyàn wa ní Suame Magazine, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń tún mọ́tò ṣe ní Kumasi, ò dá ṣáṣá. Láti 1972 ni yunifásítì KNUST ní Kumasi ti dá ilé ìmọ̀ràn sílẹ̀ tó ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní 1980, wọ́n gbé ẹ̀ka iṣẹ́ kan kalẹ̀ sáàárín Suame Magazine gan-an, kí ìmọ̀ yunifásítì àti ìmọ̀ ọwọ́ lè pàdé. Ní 2013, àwọn oníṣẹ́ Magazine bá àwọn ará Netherlands kan ṣe odidi mọ́tò kan, Turtle, láti ara ẹ̀yà mọ́tò tó wà nílẹ̀. Ẹni tó lè ṣe mọ́tò lè wọn volt. Ìkánjú àwa oní-mọ́tò ló ń bà á jẹ́. Àwa la máa ń sọ pé, “Ọ̀gá, mo ń kánjú, ẹ ṣáà fi bátìrì sí i.” Ìkánjú yẹn la fi ń ra ohun tí kò yẹ ká rà.

Kì í sì í ṣe owó nìkan ló ń bá a lọ. Òjé ló wà nínú bátìrì, májèlé ni. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, àwọn ènìyàn máa ń fọ́ bátìrì àlòkù nígbà kan láti yọ òjé inú rẹ̀, erùpẹ̀ ibẹ̀ sì wá kún fún un. Láàárín November 2007 sí March 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá wọn àti àwọn ọmọ ìyá wọn wò, òjé tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ kọjá ààlà.  Àwọn ọmọdé a sì máa ṣeré lórí irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ti wà ní Ghana láti 2016, òfin 917, lórí irú ìdọ̀tí eléwu bẹ́ẹ̀. Ẹ má da áásìdì sí gọ́tà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ bátìrì lẹ́yìnkùlé ibi tí ọmọ ń gbé. Bátìrì tó bá kú lóòótọ́, ẹ dá a padà ní odidi fún ẹni tó ń tà á. Bátìrì tí kò tíì kú, tí a jù nù nítorí kíláǹpù tó dípẹtà, ẹ rí i pé a ti fi òjé kún ilẹ̀ àwọn ọmọ wa láìnídìí.

Nítorí náà, ní ìgbà mìíràn tí wọ́n bá sọ fún yín pé bátìrì ló kú, ẹ fi sùúrù bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Volt mélòó lẹ rí kí sítátà tó yí, mélòó sì ni nígbà tó ń yí? Ṣé ẹ ti fọ orí bátìrì àti ibi tí wáyà dúdú ti kan irin? Alternator ńkọ́, volt mélòó ló ń mú wá? Ẹni tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́ á dá yín lóhùn kíákíá. Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn, ẹ má tíì fún un lówó bátìrì.